Dókítà Lórí Àga Onígbàjámọ̀ ní Èkó: Ẹ Bi Wá, A Dáhùn

Lẹ́tà yín lórí eré Doctor Who tó gbé Dókítà wá sí Èkó pọ̀ débi pé a ya gbogbo ojú ìwé oṣù yìí sọ́tọ̀ fún un. Fún ẹni tí kò tíì wò ó: The Story & the Engine ni orúkọ apá náà. BBC One àti Disney+ gbé e jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025. Inua Ellams, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tí wọ́n bí ní Jos, ló kọ ọ́. Makalla McPherson ló darí rẹ̀. Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn. Arìnrìn-àjò tó ń gba inú ìgbà kan bọ́ sí òmíràn ni, láti ọdún 1963 tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ikú bá dé, ara rẹ̀ á yí padà, òṣèré mìíràn á sì gba ipò náà. Ncuti Gatwa ló wà níbẹ̀ nínú apá yìí. Varada Sethu ló ṣe Belinda, nọ́ọ̀sì tó ń wá ọ̀nà padà sí ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Dókítà yà sí Èkó, ó lọ kí Omo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun. Ó bá a pé ẹlòmíràn ti gba ṣọ́ọ̀bù náà. The Barber ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí nínú eré, àwa yóò máa pè é ní Onígbàjámọ̀. Ó ti há Omo àti àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́lé. Ẹni tó bá jókòó kí wọ́n gẹ irun rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìtàn, ìtàn yẹn ló ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, torí ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́yìn aláǹtakùn ràgàjì kan tó ń rìn lórí okùn ara rẹ̀ ní ibi tí kì í ṣe ayé. Ẹni tí kò bá fẹ́ mọ òpin rẹ̀, kó lọ wò ó ná kó tó kà síwájú.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin la jọ wò ó nílé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò rí irú rẹ̀ rí, àbúrò mi ní oorun gbé òun lọ ní ìdajì. Níbo gan-an ló ti dára, níbo ló ti kùnà? — Òǹkàwé, Ìbàdàn

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí eré yìí bá dúró sídìí àga tí wọ́n ti ń gẹ irun, ó ń dá èèyàn dúró síbi tó jókòó sí. Ìgbà tó bá kúrò nídìí àga láti lọ ṣàlàyé òrìṣà àti ẹ́ńjìnnì ni ọwọ́ rẹ̀ ń dẹ̀.

Ẹ wo àga yẹn dáadáa. Wọ́n so aṣọ mọ́ èèyàn lọ́rùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lábẹ́ aṣọ, irin ń kùn létí rẹ̀, ẹni tó mú irin dání sì ni ọ̀tá rẹ̀. Kò lè jà, kò lè sá, ẹnu nìkan ló kù tó lè lò. Ọkùnrin tó bá ti jókòó níwájú onígbàjámọ̀ rí mọ bí ọrùn ṣe máa ń rọ̀ níbẹ̀: a ti gbà pé ẹni tó mú abẹ kò ní ṣe wá ní jàǹbá. Ìgbẹ́kẹ̀lé yẹn gan-an ni Onígbàjámọ̀ gbà lò. Òǹkọ̀wé yìí sì mọ ilé tó wọ̀. Ní ọdún 2017 ni wọ́n ṣe eré orí ìtàgé rẹ̀, Barber Shop Chronicles, ní National Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, eré tó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù, Èkó, Accra, Kampala, Johannesburg àti Harare. Ó mọ̀ pé ọkùnrin tí kò lè bá ìyàwó rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan a máa sọ ọ́ lórí àga yẹn.

Nígbà tó kan Dókítà láti sọ ìtàn, ẹni tó ti rí ìparun ìràwọ̀, ohun tó sọ ni bí Belinda ṣe dúró lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti gba ẹ̀mí aláìsàn kan là. Kò sí ogun níbẹ̀, kò sí ọba. A rí aláìsàn náà, a rí Belinda, ẹ́ńjìnnì sì gbé e mì. Ibi tí eré yìí ti sọ ohun tó gbà gbọ́ nípa ìtàn nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìde láti wàásù.

Ibi tó ga jù lọ ni ìbínú Dókítà sí Omo. Omo ló sọ fún Onígbàjámọ̀ pé Dókítà ní ìtàn ju gbogbo wọn lọ. Dókítà sì ti ṣàlàyé tẹ́lẹ̀ pé láti ìgbà tí òun ti wà nínú ara aláwọ̀ dúdú, kì í ṣe gbogbo ibi ní ayé ni wọ́n ti ń gba òun tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Omo wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é bí ọmọ ilé. Nítorí náà, nígbà tó rí i pé ọ̀rẹ́ ló fi òun lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ló ń dùn ún. Ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo tó rò pé ó ṣí sílẹ̀ fún òun ló tì. Gatwa kò fi ẹ̀rín bo ìyẹn. Sule Rimi tó ṣe Omo náà kò sọ pé kí a dárí jì òun, ojú rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Ibi tí àbúrò yín ti sùn lọ kò ṣòro láti mọ̀. Onígbàjámọ̀ kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ ní òrìṣà oríṣiríṣi lẹ́ẹ̀kan náà: Anansi, aláǹtakùn inú ìtàn àwọn ará Gánà, Sága àti Loki ti àríwá Yúróòpù, Dionysus ti Gíríìsì, Bastet ti Íjíbítì. Dókítà bú sẹ́rìn-ín, torí ó ti pàdé wọn. Títí dé ibẹ̀, ó dùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da àlàyé mẹ́ta lé wa lórí: pé èèyàn lásán ni, tó ń bá àwọn òrìṣà tan ìtàn wọn kálẹ̀, pé wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn láìdárúkọ rẹ̀, pé ó fẹ́ dé ìdí okùn tó so ìtàn gbogbo pọ̀, kó gé àwọn òrìṣà kúrò nínú ìrántí ọmọ aráyé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó eré kan lọ́tọ̀, àmọ́ ẹnu ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún sọ fún wa pé bí àwọn òrìṣà bá kú, jàǹbá ńlá á bá ọmọ aráyé. Ta ni? A kò rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò bá. A rí aláìsàn Belinda, ọkàn wa sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ti gbogbo ayé yìí, etí la fi gbọ́ ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, kò yé mi. Àti pé, ṣé ìtàn sáyẹ́ǹsì náà nìyí, àbí àlọ́? — Òǹkàwé, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Bó ṣe rí nìyí, ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀. Ẹnì kan jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gẹ irun rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Bó ṣe ń sọ ọ́, àwòrán ìtàn náà ń yọ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Agbára tó wà nínú ìtàn wọ inú ẹ́ńjìnnì, aláǹtakùn gbé ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, irun tí wọ́n gẹ hù padà, ẹni náà sì ti ṣe é lò lẹ́ẹ̀kejì.

Irun tó ń hù padà yìí ni ọgbọ́n tó dára jù nínú gbogbo ètò náà. Irun ló ń jẹ́ kí a mọ̀ pé wọ́n ti fa nǹkan kúrò lára ènìyàn, òun náà ló sì ń jẹ́ kí a mọ̀ pé ìyà náà kò ní parí. Ẹran tí wọ́n bá pa ti kú, àgùntàn tí wọ́n ń rẹ́ irun rẹ̀ lọ́dọọdún kò bọ́. Láìsí ọ̀rọ̀ kankan, ẹ ti mọ̀ pé àgùntàn ni wọ́n sọ àwọn ọkùnrin yẹn dà.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ní òṣùwọ̀n. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ mọ iye wákàtí tí lítà márùn-ún lè gbé e. Ìtàn kan ń gbé aláǹtakùn yìí dé ibo? Kí ló ń mú kí ìtàn kan ní agbára ju òmíràn lọ? Ìtàn Belinda ta gbogbo ti ìṣáájú yọ, a sì lè rò pé òótọ́ inú rẹ̀ ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbìyànjú láti sọ irọ́ kí a lè rí ohun tí ẹ́ńjìnnì máa ṣe sí i. Ìran ìṣẹ́jú kan péré nìyẹn ì bá gbà: oníbàárà kan jókòó, ó hùmọ̀ irọ́, fèrèsé ṣókùnkùn, irun rẹ̀ kọ̀, kò hù. À bá ti mọ òfin náà títí ayé.

Òpin náà jìyà àìsí òṣùwọ̀n yìí. Dókítà dé ìdí ẹ́ńjìnnì, níbi tí ọkàn kan wà nínú ọpọlọ, ó da ìtàn ara rẹ̀ tí kò lópin lé e lórí, agbára náà sì pọ̀ jù fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i kí iná dé lójijì pẹ̀lú agbára tó ju ti ilé lọ, kí gílóòbù bẹ́, kí fíríìjì jóná, irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀: ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ọ náà ló pa á. Ṣùgbọ́n ilé tí iná bá máa bà jẹ́, gílóòbù á kọ́kọ́ máa tàn yòò ju bó ṣe yẹ lọ. Ká ní nígbà ìtàn Belinda ni wọ́n ti fi fèrèsé tó sán díẹ̀ hàn wá, ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, à bá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì yìí lè yó jù, ọgbọ́n Dókítà ì bá sì dà bí ọgbọ́n lójú wa, kì í ṣe oríire.

Ní ti ìbéèrè yín kejì: ìtàn sáyẹ́ǹsì kò ní kó jẹ́ ti irin àti iná mànàmáná dandan. Ohun tó jẹ́ dandan ni pé kó gbé òfin kan kalẹ̀, kí òfin náà sì de òun fúnra rẹ̀ títí dé òpin. Òfin irun àti ìtàn de eré yìí dáadáa ní ìdajì àkọ́kọ́. Ní ìdajì kejì, wọ́n tú okùn rẹ̀ díẹ̀.

Irun dídì ni iṣẹ́ mi, ó lé ní ogún ọdún. Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n lè di àwòrán ọ̀nà sí orí èèyàn? — Òǹkàwé, Oṣòdì

Ìran tí ẹ ń sọ ni èyí tí Abena, obìnrin tó ń bá Onígbàjámọ̀ ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ọmọ Anansi, ti ń sọ ìtàn àwọn obìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú, tí wọ́n di ọ̀nà àsálà sínú irun. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ló ń di irun Dókítà, ọ̀nà tó lọ sídìí ẹ́ńjìnnì ló sì dì sí i lórí, níṣojú ọ̀tá. Nínú gbogbo eré náà, ibí yìí nìkan ni ìtàn, irun àti ẹ̀rọ ti di ohun kan ṣoṣo.

Ìtàn náà kì í ṣe èyí tí òǹkọ̀wé hùmọ̀. Ní San Basilio de Palenque ní Kòlóńbíà, ìlú tí àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú tẹ̀ dó, àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣì ń sọ ọ́ pé ìlà irun ni wọ́n fi ń júwe ọ̀nà, inú irun náà ni wọ́n sì ń tọ́jú irúgbìn sí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Ẹ má retí pé kí ìwé àwọn olówó ẹrú ìgbà náà jẹ́rìí sí i, torí wọ́n ṣe é kí àwọn yẹn má bàa mọ̀ ni.

Ní ti iṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ìlà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ọ̀nà, ibi tí ìlà méjì ti wọnú ara wọn lè jẹ́ oríta, ibi tí ìlà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lè jẹ́ odò tàbí òkè tí èèyàn gbọ́dọ̀ yípo. Kókó kékeré lè dúró fún ibi ìsinmi. Ibi tí didì ti bẹ̀rẹ̀ náà ní ìtumọ̀: kòlẹ́sẹ̀ ń ti iwájú lọ sí ìpàkọ́, ìpàkọ́-ẹlẹ́dẹ̀ ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, ṣùkú ń kó gbogbo rẹ̀ lọ sí àtàrí. Ẹni tó bá mọ orúkọ wọn ti mọ ìlọ yàtọ̀ sí àbọ̀ kó tó fọwọ́ kàn án. Ohun tó lè ba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ: bí ìlà bá tín-ín-rín jù, ìka kò ní lè kà á lóru, bí ó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìdí irun á hù, ìlà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò, ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí wọ́n di orí rẹ̀ kò lè rí i. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló jẹ́ kó dára gan-an pé Belinda wà pẹ̀lú Dókítà. Orí ẹnì kan ni ìwé, ojú ẹnì kejì ló ń kà á.

Ẹ̀sùn wa kan ni pé kámẹ́rà kò dúró lórí irun náà pẹ́ tó. Ká ní wọ́n jẹ́ kí a rí ìlà kan tó yà sọ́tùn-ún, kí a sì wá rí ọ̀nà tó yà sọ́tùn-ún nínú aláǹtakùn, àwa tí a ń wò ó ì bá ti jọ wá ọ̀nà náà pẹ̀lú wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn fi hàn wá fìrí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Anansi? Èkó ni wọ́n wà. Níbo ni Ìjàpá lọ? — Òǹkàwé, Ìlọrin

A mọ ìdí tí èyí fi ń dun yín, inú tiwa náà kò dùn sí i pátápátá. Akan ló ni Anansi, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Ananse sì ni aláǹtakùn ní èdè wọn. Nínú ìtàn wọn, òun ló ra gbogbo ìtàn ayé lọ́wọ́ Nyame, ọba òkè, ló fi di olówó ìtàn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Jàmáíkà àti Suriname.

Bí a bá fi ojú ẹni tó ń kan ẹ̀rọ wò ó, Anansi ló yẹ. Eré yìí nílò ẹni tó ní ìtàn, tó sì ní okùn tí ọkọ̀ lè rìn lórí rẹ̀. Aláǹtakùn ní méjèèjì. Ìjàpá tiwa jẹ́ ẹlẹ́tàn àti ọ̀kánjúwà, àlọ́ sì kún fún un, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ni gbogbo ìtàn, kò sì ta okùn rí. Fífi ọ̀kan rọ́pò èkejì á ba ẹ̀rọ náà jẹ́.

Ohun tí wọ́n ì bá ṣe kò le. Àwọn ọkùnrin tó wà ní àhámọ́ níbẹ̀, Rashid, Tunde àti Obioma, kò rí àyè tó pọ̀ tó láti jẹ́ ẹni tí a mọ̀. Ká ní wọ́n fún Tunde ní ìṣẹ́jú méjì, kó pàlọ́ Ìjàpá kan lórí àga, kí àwọn yòókù máa gbè é. Àlọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá sọ. Apàlọ́ ní "Ààlọ́ o!", àwọn tó ń gbọ́ dáhùn "Ààlọ̀!", bí orin bá sì dé, ẹnu gbogbo ló wà níbẹ̀. Ẹ ronú ohun tí ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ìtàn máa ṣe nígbà tí ènìyàn mẹ́rin bá jọ ń sọ ìtàn kan náà. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì gidi nìyẹn, Èkó nìkan ló sì lè bi í. Ìjàpá náà kúkú rìnrìn àjò bí Anansi ṣe rìn: ní Kúbà, jicotea ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣì ń tan àwọn ẹranko tó jù ú lọ jẹ.

Obìnrin wo ló yọ lójijì tó ń ṣe bí ẹni pé òun ni Dókítà? Ọmọdébìnrin tí Belinda rí ńkọ́? — Òǹkàwé, Abẹ́òkúta

Jo Martin ni òṣèré náà. Ọ̀kan nínú àwọn ojú tí Dókítà ti ní rí ló ṣe, èyí tó kọ́kọ́ yọ nínú apá tó ń jẹ́ Fugitive of the Judoon ní oṣù Kìíní, ọdún 2020. Òun ni Dókítà tó pàdé Abena tẹ́lẹ̀ rí, tó sì fi í sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí Abena fi ń bínú. Ọmọdébìnrin náà ni Poppy, láti inú apá tó ń jẹ́ Space Babies, ti oṣù Karùn-ún, ọdún 2024. Nínú apá yìí, wọn kò ṣàlàyé ìdí tó fi wà níbẹ̀, ẹ kò pàdánù ohunkóhun.

Ti Jo Martin ló ká wa lára. Ìrora Abena tóbi, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n sì fún un. Ẹni tí kò bá wo eré ọdún 2020 á rò pé òun fo ibì kan.

Mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn kúkúrú. Ṣé ìtàn ọlọ́rọ̀ mẹ́fà tí Dókítà sọ yẹn ṣeé sọ ní Yorùbá? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ohun tó sọ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó dé ìdí ẹ́ńjìnnì ni "I'm born. I die. I'm born." Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ gbọọrọ, "Wọ́n bí mi. Mo kú. Wọ́n bí mi," ó ti di mẹ́jọ. Ẹ gbìyànjú èyí: "Mo wá. Mo kú. Mo wá." Mẹ́fà géérégé, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò bi yín pé kí ni ó túmọ̀ sí. Tunde tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ń jẹ́ orúkọ ẹni tó tún dé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tiyín, ẹ kíyè sí ìdí tí ti Dókítà fi wúwo. Nígbà tó sọ ọ́, ojú àwọn Dókítà ìṣáájú ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún tó lé ní ọgọ́ta ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn. Ẹ̀yin kò ní ọgọ́ta ọdún eré lẹ́yìn yín, nítorí náà ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ ni kí ẹ gbé ìtàn yín lé. Ẹ lo ọ̀rọ̀-ìṣe kúkúrú, ẹ yọ ọ̀rọ̀ àpèjúwe kúrò pátápátá, ẹ jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an wà láàárín gbólóhùn méjì, níbi tí ẹ kò kọ nǹkan kan sí. Bí àpẹẹrẹ: "Ó fi owó ránṣẹ́. Ilé tú." Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn fi ọ̀rọ̀ kẹfà ṣàlàyé márùn-ún ìṣáájú. Bí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, ẹ pa á rẹ́.

Olùkọ́ ni mí. Mo fẹ́ fi eré yìí kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi bí wọ́n ṣe ń ṣe àgbéyẹ̀wò. Báwo ni kí n ṣe é? — Òǹkàwé, Òṣogbo

Ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má mú gègé. Ẹni tó bá ń kọ nǹkan nígbà tí Dókítà ń bínú sí Omo kò ní rí ojú Omo. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fa ìlà sí ìwé rẹ̀ kó di ọ̀nà mẹ́ta: ìṣẹ́jú tí a wà, òfin tuntun tí eré sọ, àti ibi tí eré ti lo òfin náà padà. Ẹ máa dá a dúró bí òfin bá ti yọ. Nígbà tó bá parí, àlàfo tó wà ní ọ̀nà kẹta ni àbùkù eré náà, wọn ò ní wulẹ̀ máa wá a kiri.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni pé àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní "mi ò fẹ́ràn rẹ̀" kí wọ́n sì jókòó. Ẹ má gba ìdájọ́ kankan tí kò bá ní ìran nínú. Bí ọmọ bá ní òpin rẹ̀ yá jù, ẹ ní kó ka iye gbólóhùn tí wọ́n sọ láti ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ títí di ìgbà tí Onígbàjámọ̀ yí ọkàn padà. Iye yẹn ni ẹ̀rí rẹ̀.

Kí ẹ tó túká, ẹ gbé àga kan síwájú kíláàsì. Kí ọmọ kan jókòó, kó fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kò gbọ́dọ̀ ṣe àsọdùn. Kí àwọn yòókù na ọwọ́ sókè níbi tí etí wọn bá ti dìde. Yóò yà yín lẹ́nu ibi tí ọwọ́ máa pọ̀ sí, ẹ ó sì rí i pé ìdí nìyẹn tí ìtàn nọ́ọ̀sì fi borí.

Kò yé mi bí Omo ṣe lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ta ajínigbé lọ́rẹ, tó tún wá sọ ọ́ lórúkọ. Ṣé òpin rere nìyẹn? — Òǹkàwé, Ìjẹ̀bú-Òde

Orúkọ náà dára. Adétòkunbọ̀ ló sọ ọ́, adé tó ti òkun bọ̀. Ọkùnrin tí àwọn òrìṣà fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn láìdárúkọ rẹ̀ wá gba orúkọ níkẹyìn, lọ́wọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti há mọ́lé. Ọmọ tí wọ́n bí sílẹ̀ òkèèrè la sábà ń sọ bẹ́ẹ̀, torí náà ó tún ń sọ fún un pé ó ti dé ilé. Gbogbo ẹ̀dùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, orúkọ kan ṣoṣo gbé e.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà jàre. Àwọn ọkùnrin tó há mọ́lé ní ìyá, wọ́n ní ìyàwó, eré náà kò sì fún ẹbí wọn ní àyè. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ tó báyìí, àgbà á pè é jókòó, á sọ ohun tó ṣe níṣojú àwọn tó ṣe é sí, kí a tó dá orúkọ lé e. Eré yìí sì ti ní ibi tí ìyẹn yẹ kó ti ṣẹlẹ̀. Ká ní kí Omo tó fi ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́, ó kọ́kọ́ ní kó jókòó sórí àga, ó so aṣọ mọ́ ọ lọ́rùn, ó mú irin, ó ní: "Ó kàn ọ́. Sọ ìtàn." Kí Onígbàjámọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Rashid, Tunde, Obioma, Omo, kí fèrèsé sì fi ojú ẹni kọ̀ọ̀kan hàn.